Táǹkì wàrà tí a dà nù ló sọ mí di olùkọ́

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ká mi lára. Odidi táǹkì wàrà la ṣí ẹnu rẹ̀ sí gọ́tà, torí pé àwọn tó ń rà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá oògùn apakòkòrò àrùn nínú rẹ̀. Màálù kan tó ń gba abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún wàrà rẹ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Ẹyọ kan péré! Kò sí kí a sè é kó kúrò, kò sí kí a bu omi là á. Dídà ni.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé oko ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n kó àwọn afúnwàrà jókòó sínú yàrá, olùkọ́ ń fi àwòrán hàn lára ògiri, wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, wọ́n ya fọ́tò. Màálù kan ò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ò gbọ́ èdè tí ọkùnrin náà ń sọ dáadáa, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ó ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà màálù tó ń gba oògùn sára pátákó. Ta ló ń ka pátákó ní ìdájí, tí oorun ò tíì dá lójú?

Mo ní kí olóko fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Ti oògùn ò le rárá. Okùn pupa á ti wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, torí ibẹ̀ lojú afúnwàrà ń wà. Olókùn pupa ló ń kẹ́yìn, garawa ọ̀tọ̀ sì ni tirẹ̀. Okùn ò kúrò àfi tí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn bá pé. Ẹni tó gún un ní abẹ́rẹ́ á fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tán. Ìbọ̀wọ́ wíwọ̀ àti ẹ̀rọ fífọ̀, n ò ní fìyẹn dá yín dúró.

Ìmúra ọmú ló fojú mi rí màbo. Ẹ rò ó wò: kí ló dé tí màálù tó ń gba oògùn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọmú wíwú ni. Bí a ò bá sì yanjú ìyẹn, okùn pupa á tán ní ọjà. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí: a ó fún ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin sínú ife dúdú, ká wò ó bóyá ó ní ìdì, a ó ki orí ọmú bọ oògùn, oògùn á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, a ó fi aṣọ mímọ́ nù ún, aṣọ kan fún màálù kan, lẹ́yìn náà la ó fi ẹ̀rọ sí i. Láti ìgbà tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ kan ọmú, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ dára. Ọwọ́ tó kan ọmú yẹn ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, tí oxytocin, èròjà ara tó ń mú kí wàrà sọ̀, á fi bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọmú, tí wàrà á sì sọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ṣáájú rẹ̀ á máa fa òfìfo, á sì ṣe ẹnu ọmú léṣe. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń rí ọ̀nà wọlé.

Kò sẹ́ni tó jiyàn, kò sì sẹ́ni tó ṣe é. Gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ wọn níṣẹ́, ọwọ́ náà sì yá bí iná. Ohun tí mo bá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀sán, á ti tú u ká tó bá di alẹ́. Aṣọ kan náà ni wọ́n fi ń nu màálù mẹ́wàá. Bí mo bá dúró tì wọ́n, wọ́n á ṣe é. Kí n ṣáà ti lọ tọ̀, ó parí.

"Ọ̀gá kékeré, màálù wo ló ń ka ìṣẹ́jú?" Ẹ̀gbọ́n ló wí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Olóko náà ò ràn mí lọ́wọ́, torí ẹni tó bá tètè parí ló ń yìn.

Ọ̀rọ̀ ò tà létí mọ́, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mú màálù méjì tí wàrà wọn bára dọ́gba. Kó fún ọ̀kan bó ṣe ń ṣe é, kí n fún èkejì bí mo ṣe ń wí. A jọ tẹjú mọ́ ìkòkò kékeré aláwọ̀ gíláàsì tí wàrà ń gbà kọjá lábẹ́ ọmú. Ti Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ya wá, ó tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, màálù gbẹ́sẹ̀ sókè, ó ń janra, kí wàrà tó tún bẹ̀rẹ̀. Tèmi ya wá, kò dá, òun ló sì kọ́kọ́ parí.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ wọn," Ẹ̀gbọ́n wí. "Bóyá màálù tìẹ ló yá ju tèmi lọ."

Nígbà tí a tún máa fún wọn, a pààrọ̀ wọn. Ohun kan náà la rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu ọmú, òrùka funfun wà níbẹ̀, ó le, àpá ẹ̀rọ tó ń fa òfìfo. Ó ní òun ti ń rí i tipẹ́, òun rò pé bí ọmú ṣe ń rí náà nìyẹn.

Kò sì tán síbẹ̀ o! Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ètò kalẹ̀ tí ìdúró fi di iṣẹ́: ẹ fún màálù mẹ́rin wò, ẹ kì wọ́n bọ oògùn, kí ẹ tó padà sí màálù àkọ́kọ́ láti nù ún, kí ẹ fi ẹ̀rọ sí i. Kò sẹ́ni tó ń káwọ́ gbera. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìbínú tí mo ti ń bá a bọ̀.

Tí n bá tún máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tí àwọn yòókù ń wò ni n ó kọ́kọ́ bá ṣe é, òun nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màálù. N ó sì ti tètè bá olóko sọ̀rọ̀ kó yéé bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ parí. Iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú wàrà, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tó ń pọ̀ sí i bí àrùn bá wọ ọmú, ni kó máa bèèrè, torí òun ló ń tú àṣírí ọmú. Tí ti màálù bá ju 200,000 lọ nínú mìlílítà kan, ó ṣeé ṣe kí ọmú rẹ̀ ní àrùn. Wàrà tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù ò gbọdọ̀ kọjá 400,000, ti Amẹ́ríkà 750,000. A ń lẹ tiwa mọ́ ilẹ̀kùn báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń kọ́kọ́ sáré lọ wò ó.

Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ màálù ló kàn. Wàrà àkọ́fún gbọ́dọ̀ wọnú ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá bí i, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru sì ní kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún òun nígbà tí wọ́n gba òun síṣẹ́. A ṣì ń fà á.