Bí èmi àti ẹnìkejì mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ kappa tí kò gòkè
À ń pín ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ìpele ìrònú mẹ́rin ti àwọn olùwádìí Garrison, Anderson àti Archer (láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ìbéèrè tó ru èrò sókè, ìwákiri, ìsopọ̀ èrò, ojútùú), ṣùgbọ́n kappa, ìyẹn ìwọ̀n bí àmì wa ṣe bára mu, kò gòkè. A gé ọ̀rọ̀ sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó tún burú sí i.

Ìgbà tí a to ibi tí a ti yapa jọ ni ojú wa là: akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè ìbéèrè, á tún dáhùn rẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà! A wá lo odindi àtẹ̀jíṣẹ́, a sì tẹ̀lé òfin Garrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti 2001: bí ìpele méjì bá hàn kedere, mú ti òkè, bí kò bá dájú, mú ti ìsàlẹ̀. A tún un ṣe láìwo iṣẹ́ ara wa. Kappa kọjá 0.7, ọkàn mi balẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwa lò kò pọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ 20 dán an wò.