Bí a ṣe ka Ìwé Máàkù tán pẹ̀lú àwọn ọmọ wa

Aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń gbàdúrà ẹbí nílé wa tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe: màá dá orin, màá ka Bíbélì, màá gba àdúrà gígùn. Kí n tó ṣe "Àmín", àbíkẹ́yìn ti sùn sórí tìmùtìmù, èyí àárín ń tòògbé, àkọ́bí nìkan ló ń dáhùn, òun náà kò sì mọ ohun tó ń ṣe àmín sí. Mo máa ń gbá wọn létí kí wọ́n lè jí. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Mò ń kọ́ wọn pé ìyà ni àdúrà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, èmi àti bàbá wọn jókòó sọ ọ́. Àkókò la kọ́kọ́ yí padà: aago méje ààbọ̀, gbàrà tí a bá jẹun tán, kí àwo tó kúrò nílẹ̀ pàápàá. Ọjà Gbági ni mo ti ń ta aṣọ n'Íbàdàn níbí, nítorí náà mo ní láti máa ti ṣọ́ọ̀bù ṣáájú àwọn aládùúgbò mi. Mọ́ńdè sí Fúráìdè ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá wọn fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Èmi ní Máàkù, torí orí 16 péré ló ní, ẹsẹ 678, ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ sì ń lé ara wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní ráyè sùn. Ẹsẹ mẹ́wàá lálẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yorùbá la fi kà á, ibẹ̀ ló sì le jù. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ ẹsẹ àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú wọn kò mọ́ àmì ohùn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ tuurutu. Ní orí kẹrin, níbi tí Jésù ti sùn tí ìjì dé, èyí àárín pe ọkọ̀ ní ọkọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì ṣi í pè mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́kọ́ ka ẹsẹ mẹ́wàá náà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, tí mo sì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè dà wọ́n láàmú.

Àkọ́bí béèrè lálẹ́ ọjọ́ kan pé ta ló sọ ọ́ di Yorùbá. Bàbá wọn wá sọ ìtàn Samuel Ajayi Crowther: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù, tó sì ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ títí odindi Bíbélì fi jáde ní Yorùbá ní 1884. Ibi tí wọ́n ní kó tún sọ ni bó ṣe rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Nígbà tí ìyá náà ṣèrìbọmi, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Òfin kan la ṣe: ẹni tó bá kàwé yóò béèrè ìbéèrè kan, àgbà kò sì gbọ́dọ̀ dáhùn kí àwọn ọmọ tó gbìyànjú. Ẹnu máa ń yún mi gidi! Ṣùgbọ́n ní orí karùn-ún, lẹ́yìn tí Jésù jí ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá nì dìde, ó ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò fiyè sí i rí. Àbíkẹ́yìn ló ní, "Mọ́mì, Jésù mọ̀ pé ebi á ti máa pa á."

Ní oṣù Kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi. ₦2,000 pòórá lórí tábìlì, èyí àárín nìkan ló sì wà nílé. Mo nà án. Ó ń sunkún pé òun kò mú un, mo tún nà án pé ó ń purọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí owó náà láàárín àwọn rìsíìtì nínú báàgì mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ra súyà fún ọmọ náà, mo ní ìyẹn ti tó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la dé orí kọkànlá, ẹsẹ 25, níbi tí Jésù ti ní bí a bá dúró tí à ń gbàdúrà, ká dárí ji ẹni tó bá ṣẹ̀ wá. Èyí àárín ló kàwé. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: "Tí ẹni náà kò bá bẹ̀ wá ńkọ́?" Kò mọ̀ pé mo ti rí owó náà. Àwọn méjì yòókù ń dáhùn, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Mo dìde, mo mú owó náà jáde, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo ní, "Ọwọ́ mi ni owó yìí wà. O kò jalè, o kò purọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ó wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ẹkún tó ju ti ọjọ́ tí mo nà án lọ.

Nígbà tí wọ́n sùn tán, bàbá wọn ní ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má lọ fojú di mi. Mo ní Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Éfésù pé kí bàbá má ṣe mú ọmọ rẹ̀ bínú, ó sì dá mi lójú pé ó kan ìyá náà.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró ti àwọn ańkárá, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n, kò wò mí. Ó ní òun gba 4 nínú 20 ní ìṣirò, òun sì ti fara wé ìfọwọ́sí mi sórí ìwé náà. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ní kó jókòó. Ní Mọ́ńdè, àwa méjèèjì jọ lọ bá tíṣà rẹ̀.

Ìparí oṣù Kàrún la ka Máàkù tán. Òun la ní kó mú ìwé tó kàn. Ó ṣí Bíbélì síwá sẹ́yìn, ó mú Rúùtù, ó ní orí mẹ́rin péré ni, a ó ti parí rẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.