Bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá orí ọlẹ̀ mọ̀ nínú skáànù

Àǹtí mi kan ń ya skáànù fún àwọn aboyún ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ níta, fífi ọwọ́ wọn àyíká orí ọlẹ̀ máa ń sú wọn. Ni mo bá ní kí n wò ó bóyá kọ̀ǹpútà lè bá wọn fa ìlà yẹn.

N kò fọwọ́ kan àwòrán aláboyún wọn kankan. Àṣírí ẹni ẹlẹ́ni ni. HC18 ni mo lò, àkójọ àwòrán skáànù orí ọlẹ̀ tí àwọn ará Nijmegen ní Netherlands gbé síta lọ́dún 2018. Àwòrán 1,334 ló wà níbẹ̀. 999 nínú wọn ló ti ní ìlà tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fà yí orí ká. U-Net, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ láti ya ohun kan sọ́tọ̀ nínú àwòrán, tó jáde láti Freiburg ní Jámánì lọ́dún 2015, ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà, lórí Google Colab, ìyẹn kọ̀ǹpútà Google tí èèyàn ń lò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ń tọ́jú ohun tó bá ti kọ́ pamọ́ léraléra, torí iná Àgọ́-Ìwòyè kì í dágbéré fún èèyàn kó tó lọ.

Inú ìlà tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fà yẹn ṣófo, mo kọ́kọ́ kùn ún di funfun. Ìyẹn ò le.

Ẹ̀gbẹ́ agbárí niṣẹ́ wà. Ìró ni skáànù fi ń yàwòrán. Níbi tí ìró bá ti kọlu eegun gbọnrangandan, ìlà rẹ̀ á funfun yòò. Níbi tí ìró àti eegun bá ti jọ ń lọ lọ́nà kan náà, ìlà á parẹ́. Ẹ̀rọ mi á kun òkè àti ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ á wá rí jágajàga bíi búrẹ́dì tí eku jẹ. Mo mú abala tó tóbi jù, mo da ẹ̀ẹ́rún ìyókù nù, mo sì fi fitEllipse, irinṣẹ́ inú OpenCV tó ń fa ìlà tó rí bí ẹyin, fa ìlà kan ṣoṣo yí i ká.

Píksẹ́lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni ìdáhùn tó jáde fi ka ìwọ̀n. Fáìlì CSV, ìyẹn tábìlì tó bá àwòrán wá, ló sọ iye mìlímítà tí píksẹ́lì kan jẹ́, iye náà sì ń yàtọ̀ láti àwòrán kan sí òmíràn. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ á sọ orí ọmọ oṣù márùn-ún di ti oṣù mẹ́jọ.

Nígbà tí Àǹtí rí i, wọ́n ní, "Ó fà á dáadáa o. Tí mo bá gbé ikùn ọmọ fún un ńkọ́?" Mo mú àwòrán ikùn nínú àkójọ àwòrán skáànù tí àwọn ará Barcelona gbé síta, tí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ lé ní 12,000. Ẹ̀rọ mi kùn ún ní orí! Kí ló fẹ́ ṣe, nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn rí?

Mo ti wá fi ẹ̀rọ kejì síwájú rẹ̀ báyìí, tó ń ya orí sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn àti itan. Àǹtí ṣì ń fi ọwọ́ wọn tiwọn. Ẹ̀rọ skáànù tó ń jẹ́ Voluson ni wọ́n fi ya àwòrán HC18, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ Àǹtí kì í ṣe irú ẹ̀, n kò sì tíì rí àwòrán tó tọ́ tí mo lè fi dán an wò lórí tiwọn.