Bí kámẹ́rà bàbá mi ṣe padà ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ju kámẹ́rà àtijọ́ bàbá yín nù o. Inú àpótí irin bàbá mi ní Kàbà ni mo ti rí Pentax K1000 yìí, èyí tí wọ́n ṣe láti 1976 dé 1997, mo gbé e sójú, gbogbo ẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ò mira rárá. Mo ra bátìrì LR44 tuntun, pàbó. Ìgbà tí mo wá yẹ ojú ibi tí bátìrì ń jókòó sí wò dáadáa ni mo rí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé, bátìrì àtijọ́ ló ti jò síbẹ̀. Mo we òwú mọ́ igi ìtayín, mo fi kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, mo rọra nù ún, mo tún fi spírítì nù ún, ó gbẹ, abẹ́rẹ́ bá gbéra! Mo pariwo pe màmá mi kí wọ́n wá wò ó.

Ẹ máa fi ìdérí bo lẹ́ǹsì ẹ̀ o, kò ní swíìṣì tí wọ́n fi ń pa á, ìmọ́lẹ̀ tó bá ń wọlé ló ń jẹ bátìrì. Láìsí bátìrì gan-an ó ṣì ń ya fọ́tò, irin àti sípíríǹgì ló ń ṣí ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kan fíìmù, ohùn ẹ̀ dùn létí mi gan-an.