Bí mo ṣe yẹ ilé arúgbó mẹ́ta wò kí n tó yan ọ̀kan fún Dádì

Ọjọ́ kẹfà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Dádì, ọjọ́ Fúráìdè, ni òṣìṣẹ́ ọsibítù kan wọlé bá mi pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Orúkọ ilé ìtọ́jú mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ò jìnnà sí wa ní Maryland, Amẹ́ríkà níbí. Ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn o! Èèyàn kì í yan ẹja lọ́jà báyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sún un di àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ọ̀rọ̀ ilé arúgbó ò rọrùn láti gbé síwájú ẹbí. Àbúrò Dádì tó wà ní Òṣogbo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ṣé ọmọ ló wá tán lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni?" Mi ò fèsì. Ẹni tó bá ti gbé ọkùnrin tó ga tó Dádì rí, tí apá ọ̀tún ò gbéra tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbéra, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òun ló lè dá sí i.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀. Torí náà mo mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí èèyàn mẹ́rìnlá bá wà lọ́wọ́ rẹ, ẹni tó ń pariwo lo máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wá lójoojúmọ́ ló kàn. Ẹni tó dákẹ́ ló máa ń kẹ́yìn. Dádì sì ti di ẹni tó dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tó fi wa takisí ní Washington fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti lọ pátápátá. Yorùbá ló ń padà díẹ̀díẹ̀, ìyẹn náà, tó bá ti sinmi dáadáa ni. Nílé kọ̀ọ̀kan tí mo dé, àwọn tó dákẹ́ ni mo lọ wò.

Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Care Compare ni wọ́n ń pe ibẹ̀, lórí Medicare.gov. Láti ọdún 2008 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún àwọn ilé tó ń gba owó Medicare àti Medicaid (ètò tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú àgbàlagbà àti àwọn tí owó wọn ò tó) ní ìràwọ̀, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo àpapọ̀ ìràwọ̀, wọ́n á sì pa á dé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ìràwọ̀ yẹn ti wá: ìbẹ̀wò àwọn aṣojú ìjọba, iye òṣìṣẹ́, àti àkọsílẹ̀ nípa ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀, bí iye ẹni tó ṣubú tàbí tí ìdùbúlẹ̀ dá egbò sí lára. Ilé náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ púpọ̀ nínú ti ìkẹta yìí ránṣẹ́. Ìbẹ̀wò ni ìpìlẹ̀. Tí ilé kan bá gba mẹ́ta níbi ìbẹ̀wò, tó gba márùn-ún níbi òṣìṣẹ́, wọ́n á bù ọ̀kan lé e. Tó bá tún gba márùn-ún níbi tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wọ́n á bù ọ̀kan mìíràn lé e. Mẹ́ta ti di márùn-ún nìyẹn. Bí ilé tó wà lókè bébà mi ṣe dé orí márùn-ún gan-an nìyẹn.

Ti òṣìṣẹ́ ṣeé gbà gbọ́ díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, torí láti ọdún 2018 inú ìwé owó iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fa iye wákàtí yọ. Ẹ wo ti òpin ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo iye òṣìṣẹ́ tó ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá rí àmì ọwọ́ nínú òbìrí pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, wọ́n ti ká ọ̀rọ̀ ìwà ìkà sí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ́ ilé yẹn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́jọ tèmi ní in. Mo fi bírò fa igi lé e.

Ìwé ìbẹ̀wò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ náà, Form 2567. Alẹ́ Fúráìdè ni mo fi kà á. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀ṣẹ̀, láti A dé L. Láti G lọ, èèyàn ti fara pa nìyẹn. J, K àti L, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. D ló pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí mo kà, torí náà lẹ́tà nìkan ò tó, àfi kéèyàn ka ìtàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú D kan, ọ̀dà ló bó lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú D mìíràn, ìyá kan jókòó sínú pámpàsì tó ti tutù láti ìdájí títí dé aago mọ́kànlá. Lẹ́tà kan náà o.

Mo mú mẹ́ta. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo lọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lọ ní Túsìdè, obìnrin tó ń polówó ilé ni yóò mú un kiri.

Ilé ìràwọ̀ márùn-ún: dùùrù wà ní pálọ̀, òdòdó tútù wà lórí tábìlì, kọfí ọ̀fẹ́. Mo kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Iná ìpè, èyí tí aláìsàn máa ń tàn láti fi pe òṣìṣẹ́, ń tàn lókè ilẹ̀kùn yàrá kan. Mo jókòó, mo gbé fóònù sétí bí ẹni ń sọ̀rọ̀, mo ń wo aago. Òṣìṣẹ́ kan kọjá. Èkejì gbójú sókè wo iná náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Mo dìde, mo yọjú. Ìyá kan ló wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ tó ń bó, ife omi rẹ̀ sì wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé. Mi ò fún un mu, torí àwọn kan wà tí omi lásán lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mo lọ pe nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo ń jáde lọ, mo gbọ́ tí CNA kan ń sọ lórí fóònù pé, "Mo ń bọ̀ jàre." Mo dúró dè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, mà."

"Èèyàn mélòó ló wà lọ́wọ́ yín lálẹ́ yìí?"

Ó wẹ̀yìn. "Méjìdínlógún, mà. Ẹnì kejì mi ò wá."

Mo sọ fún un pé Dádì mi ni mo fẹ́ gbé wá. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ tún wo ibòmíràn náà, mà."

Ilé kejì ò gba àkókò mi. Òórùn ìtọ̀ tuntun ò bà mí lẹ́rù, kò síbi tí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Èyí tó ti wọ inú ilẹ̀, tí wọ́n wá fín lọ́fínńdà lé lórí, òun ni mo ń sá fún. Òfin ní kí ìwé ìbẹ̀wò wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á láìtọrọ. Wọ́n ní ọ̀gá ti tì í mọ́ ọ́fíìsì, ó di Mọ́ńdè. Bébà iye òṣìṣẹ́ òòjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ti Wẹ́sìdè ló ṣì wà níbẹ̀.

Ìkẹta, ìràwọ̀ mẹ́rin ló ní, ojú rẹ̀ ò sì fani mọ́ra. Kápẹ́ẹ̀tì ti gbó, ilà kan la tẹlifísọ̀n já láàárín. Iná ìpè méjì ni mo ka àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bàbá kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ nílé oúnjẹ, kò sọ̀rọ̀, kò mira. Mo wo èékánná rẹ̀: wọ́n ti gé e, ìdọ̀tí ò sí lábẹ́ rẹ̀. Mo wo awò ojú rẹ̀: wọ́n ti nù ún. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni awò ojú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ráyè nu awò aláìlẹ́nu, ó ti ráyè nu ibòmíràn. Obìnrin tó ń fún un lóúnjẹ fa àga, ó jókòó kí ojú àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Ó ń dúró kí bàbá náà gbé èyí tó wà lẹ́nu mì kó tó bu ṣíbí mìíràn, ó sì ń bá a sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé yóò fèsì. Mo bi í léèrè ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo pe ombudsman. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kì í gba kọ́bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbèjà àwọn tó ń gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ẹjọ́ tí wọ́n ń mú wá jù láti ilé kẹta. Ó ní aṣọ tó ń sọnù nílé ìfọṣọ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti kọ lu Dádì. Mo kọ orúkọ Dádì sínú gbogbo fìlà rẹ̀.

Lórí ìwé gbígbà wọlé, ohun méjì péré. Wọ́n fi bébà kan há a láàárín pé tí ìjà bá dé, a ò ní lọ sílé ẹjọ́, ọ̀dọ̀ onílàjà la máa parí ẹ̀. Kò pọn dandan kéèyàn fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gba aláìsàn, mo dá a padà ní òfo. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ mú ọmọ ní dandan kó fi owó ara rẹ̀ dúró. Orúkọ Dádì ni mo fi fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣojú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin tó débẹ̀ ni mo rí gìgísẹ̀ ọ̀tún. Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un ni. Ibì kan tó tó owó náírà onírin ti dúdú ju ìyókù lọ, ó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ó gbóná ju ti òsì lọ, ó sì ti ń rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù. Egbò ìdùbúlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Mo lọ wo ìwé àyẹ̀wò awọ ara ti àárọ̀ ọjọ́ náà. "Kò sí ibi tó pọ́n." Pupa wo ni awọ dúdú fẹ́ pọ́n? Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nígbà yẹn nìyẹn, ibi tó pọ́n ni wọ́n ní ká máa wá. Mo mú nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó fi ọwọ́ kan ti ọ̀tún, kó fi kan ti òsì. Kò bá mi jiyàn. Ó yára pe dókítà, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà kí gìgísẹ̀ má baà kan bẹ́ẹ̀dì mọ́, wọ́n lẹ bébà mọ́ ògiri pé kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì méjì. Awọ náà ò bẹ́. Ní ilé àkọ́kọ́ ńkọ́, pẹ̀lú èèyàn méjìdínlógún?

Mo lẹ bébà tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn: omi, mo fẹ́ tọ̀, ó ń dùn mí, ó tó, ẹ káàárọ̀. Mo kọ bí wọ́n á ṣe pè é sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. CNA tó ń bójú tó o láàárọ̀, ará El Salvador, ló mú un bí iṣẹ́ àmúrelé.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo wà níbẹ̀ nígbà tó wọlé. "Káàárọ̀, Papá!" Dádì yíjú sí fèrèsé. Ó tún un sọ, ó fẹ ẹnu rẹ̀ dáadáa: "Káàárọ̀!" Dádì gbé ọwọ́ òsì sókè, ó kó ẹnu jọ fún ìgbà pípẹ́, itọ́ ń sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹ. *Ẹ* káàárọ̀."

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn pé bàbá kí òun. Mi ò já a mọ́ ọn lójú.