Bí A Ṣe Sọ Yàrá Awakọ̀ Bàálù C-130H Kan Di Tuntun: Ìrírí Mi Nídìí Wáyà

Ẹni tó bá wọ yàrá awakọ̀ C-130H, bàálù akẹ́rù àwọn ológun, lẹ́yìn tí a ti tún un ṣe tán, àwọn ojú dígí tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó ń tàn yanran níwájú awakọ̀, ni yóò kọ́kọ́ wò. Èmi tí mo wà nídìí wáyà iṣẹ́ náà mọ̀ pé dígí ló rọrùn jù nínú rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wáyà àti sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń wọn nǹkan bí ooru, tí dígí náà gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé iṣẹ́ tí a bá rán dígí ni yóò jẹ́, bí a bá sì fi irọ́ rán an, irọ́ náà ni yóò fi nọ́ńbà tó mọ́ kedere jẹ́ fún awakọ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1954 ni C-130 tí ilé-iṣẹ́ Lockheed ṣe kọ́kọ́ fò ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà H tí mò ń sọ yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, Nàìjíríà náà sì ti ní tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ara bàálù náà le, ẹ́ńjìnnì T56 mẹ́rin tó ń gbé e sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin ojú ọ̀run ti yí padà mọ́ ọn lórí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà ti ní kí bàálù tó bá fẹ́ gba ibi tí ọkọ̀ òfuurufú pọ̀ sí máa kéde ibi tó wà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ADS-B Out. Ní Yúróòpù, àlàfo tó wà láàárín ìkànnì rédíò kan àti èkejì ti kúrò ní kilohertz 25, ó ti di 8.33. Ẹ̀yà ara ojú aago àtijọ́ náà sì ti ń wọ́n. Ọdún 2001 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ àtúnṣe ńlá kalẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n pa á tì, wọ́n sì wá pín in sí ọ̀nà méjì: èkíní kí bàálù lè pa òfin mọ́, èkejì láti pààrọ̀ gbogbo yàrá awakọ̀. Èkejì yìí ni mo bá wọn ṣe, nínú háńgà kan níbí ní Amẹ́ríkà.

A kò kọ́kọ́ tú ohunkóhun. A tan iná sí bàálù, a wo ojú aago kọ̀ọ̀kan, a kọ ohun tó kà sílẹ̀, a sì ya àwòrán ẹ̀yìn pátákó kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn márùn-ún ló máa ń ṣiṣẹ́ nínú C-130H: awakọ̀ méjì, atọ́nà, ẹnjiníà inú bàálù, àti ẹni tó ń bójú tó ẹrù. Nínú ẹ̀yà J tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ méjì àti alábòójútó ẹrù ti tó. Ẹnjiníà inú bàálù ló ń jókòó sẹ́yìn àárín àwọn awakọ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ẹ́ńjìnnì, ohun tó mọ̀ nípa bàálù rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan. Ẹnjiníà kan tó ti fò nínú bàálù yìí tipẹ́ sọ fún wa pé ooru ẹ́ńjìnnì kẹta máa ń kà kéré sí ti àwọn yòókù tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹ́ńjìnnì náà ló tutù ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Bí a ti ṣí pátákó, àwòrán wáyà tí wọ́n fún wa àti ohun tí ojú wa rí kò bára mu. Kì í ṣe ohun ìyanu, nítorí pé oríṣiríṣi ọwọ́ ti kan bàálù náà láti ìgbà tó ti wà. A ní láti tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, kí a fi mítà wọ̀n ọ́n, kí a sì lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ ọn. Mo gbà pé kò sí ọ̀nà àbùjá níbí: wáyà tí a kò bá tọ̀ dé ìdí, a kò mọ̀ ọ́n.

Lórí wáyà ooru ẹ́ńjìnnì ni mo ti pẹ́ jù. Thermocouple, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ooru di agbára iná, 18 ló wà níbi tí iná ti ń wọ tọ́báìnì, apá ẹ́ńjìnnì tí iná ń yí, nínú T56 kọ̀ọ̀kan, wáyà méjì tí a fi irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, chromel àti alumel, ló sì ń gbé iṣẹ́ wọn wá sí yàrá awakọ̀. Agbára iná tí wọ́n ń mú jáde kò tó nǹkan: tí ooru bá tó 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bíi milivolt 41 péré ni. Nítorí náà, wáyà kọ́pà lásán kò gbọdọ̀ wọ àárín wọn, nítorí pé ooru ibi tí wọ́n ti so ó yóò máa yọ kúrò lára ohun tó yẹ kí aago kà. Funfun ni chromel, àwọ̀ ewé ni alumel, ṣùgbọ́n epo àti ọjọ́ orí ti sọ àwọ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà. Òòfà kékeré ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé òòfà máa ń fa alumel, kì í fa chromel. Nígbà tí mo dé ìdí ìyẹ́ apá ọ̀tún lórí wáyà ẹ́ńjìnnì kẹta, òòfà kò fa èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́. Mo fọ ibẹ̀ mọ́, mo sì rí i pé ẹnìkan ti fi kọ́pà so apá kan wọn nígbà kan rí. Ẹ́ńjìnnì náà kò tutù rárá, aago ló ń bu ooru rẹ̀ kù. Ewu ibẹ̀ ni pé ooru tí a gbà láàyè nígbà gbígbéra kò gbọdọ̀ ju 1,077 lọ, awakọ̀ tó bá sì ń wo nọ́ńbà tó kéré lè ti ẹ́ńjìnnì kọjá ibẹ̀ láì mọ̀. Bí a bá ti so dígí tuntun mọ́ wáyà yẹn bẹ́ẹ̀, à bá ti ra ojú tuntun fún irọ́ àtijọ́. A yọ gbogbo rẹ̀, a fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀.

Kọ́ńpáàsì náà gba sùúrù. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé ìtọ́kasí rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà, tí méjì nínú wọn bá sì gba ipò ara wọn, bàálù yóò yí sí ọ̀tún, dígí yóò ní òsì ló yí sí. Ìdí nìyí tí a fi yí kọ́ńpáàsì náà yípo pátápátá níwájú ènìyàn méjì kí a tó bu ọwọ́ lù ú.

Gbígbé àwọn kọ̀ǹpútà, dígí àti rédíò tuntun sípò wọn kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ti ẹ̀yìn pátákó dáadáa yóò rí i pé wọ́n ń wọlé wẹ́rẹ́.

Ìdánwò ló kù. A tan gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, a sọ̀rọ̀ lórí rédíò kọ̀ọ̀kan, a sì ń wò ó bóyá dígí kankan yóò ṣẹ́jú. A fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò gba ohun tí transponder, rédíò tó ń kéde ibi tí bàálù wà, ń kéde lórí megahertz 1090, kí ó lè dá wa lójú pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ bàálù yìí gan-an ló ń lò. Lẹ́yìn náà ni a pa iná háńgà, tí a sì gbé awò tí àwọn ológun fi ń ríran lóru wọ̀. Gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ kù nínú yàrá náà ti tó láti fọ́ awò yẹn lójú, awakọ̀ kò sì ní rí ilẹ̀ mọ́. A rí ọ̀kan lẹ́bàá òkè, a sì pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí pápá, ẹnjiníà tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kẹta fún wa wà nínú bàálù. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ pẹ́, nọ́ńbà kẹta kò sì rẹlẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. A ya àwòrán wáyà tuntun gẹ́gẹ́ bí bàálù náà ti rí gan-an, a fi í sínú fáìlì rẹ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ òòfà kún ìwé iṣẹ́ tí a ó lò fún bàálù tó kàn.