Ẹ kọ nọ́ńbà sára ike kí ẹ tó wọ odò

Ẹ̀yin tí ẹ ń bu omi odò fún àyẹ̀wò, ilé ni kí ẹ ti kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi tí ẹ fẹ́ bù ú sára ike, kí omi tó kàn án. Máákà kì í mú lára ike tó ti rin. Bó mú pàápàá, omi yìnyín inú kúlà á fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó dé láàbù. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó. Ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí o: tí wọ́n bá ṣí ike mẹ́fà sórí tábìlì kan náà, ta ni yóò mọ ìdérí omi odò Ògùnpa yàtọ̀ sí ti odò Kúdẹtì n'Íbàdàn? Aago nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá bù ú tán. Àmọ́ bó bá jẹ́ bẹntiróòlù lẹ ń wá nínú omi, ẹ má mú máákà sún mọ́ ọn. Oòórùn tádàwà rẹ̀ lè wọ inú omi, ẹ̀rọ á sì kà á mọ́ ọn. Ìgò onígíláàsì ni ti ìyẹn, pẹ́ńsù lórí bébà lẹ ó sì fi kọ ọ́.